Ìdákẹ́jẹ́ Aago Mẹ́rin

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin

Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé ìpè, ìwé tí wọ́n to àwọn ọmọ àti fóònù wọn sí, wá. Kò wọlé. Ó gbé e sórí àpótí ẹnu géètì, ó sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà, ó ní, "Sà, ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á díẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án." Èmi ni mo fi ọmọbìnrin yìí ṣe mọ́nítọ̀ nígbà kan, kò sì lè wo ojú mi nígbà náà. Lónìí òun ló ń pàṣẹ, èmi ni mò ń dáhùn, pẹ̀lú ìbòmú tí kò gbà láti dúró lórí imú mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n ti ti ilé-ìwé pa nítorí àjàkálẹ̀ àrùn yìí. Ó ní ọkàn àwọn ọmọ ń rẹ̀wẹ̀sì. Òmíràn kì í jẹun mọ́, òmíràn kì í dìde lórí ibùsùn. Àwọn tíṣà rẹ̀ kò tó, ló bá ń pín kíláàsì fún àwa tí a ti fẹ̀yìntì. Kíláàsì àṣekágbá ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọmọ méjìdínlógójì, àwọn tí ìdánwò ńlá ń dúró dè. Kí n máa pè wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa béèrè àlàáfíà wọn.

"Ẹ gbọ́ ju bí ẹ ṣe máa sọ lọ, sà. Ẹ má bá wọn wí. Ẹ má kọ orúkọ wọn síbikíbi, nọ́mbà inú ìwé ìpè ni kí ẹ lò. Ohun tí ọmọ bá sọ fún yín, kò gbọdọ̀ dé etí òbí rẹ̀. Bí ẹ bá sì gbọ́ ohun tó bà yín lẹ́rù, èmi ni kí ẹ pè, kíákíá."

Ìyàwó mi ti yọ orí lójú fèrèsé. "Ọ̀gá, ẹ ò rí ẹlòmíràn? Ẹni tí wọ́n ń gbóhùn rẹ̀ tí wọ́n ń sá wọ abẹ́ tábìlì, òun ló máa béèrè àlàáfíà?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín wọ inú ìbòmú rẹ̀. Ó mọ ohun tí ìyàwó mi ń sọ. Má-Mí ni wọ́n sọ mí nílé-ìwé, nítorí pé "Mi ò fẹ́ gbọ́ èémí ẹnikẹ́ni" ni ìkíni tí mo fi ń wọ kíláàsì, fún ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Mo gba ìwé náà. N ó ṣe é, n ó sì ṣe é dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Mo pe méjìdínlógójì. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbé e. Ó gbà mí láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ di aago mẹ́ta ọ̀sán. Etí mi ọ̀tún gbóná bí irin ìlọṣọ.

Nọ́mbà Kẹrin kò ní ìtìjú. Bó ṣe gbọ́ orúkọ mi ló bú sẹ́rìn-ín. "Sà, ẹ dákun, bàbá mi ti dìde dúró o! Wọ́n ń dé bọ́tìnnì." Mo gbọ́ tí bàbá náà ń sọ lẹ́yìn pé, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, ìwọ ọmọ yìí." Mo kọ́ bàbá náà. Mo kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bàbá wọn.

Ọjọ́ Bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Nọ́mbà Kẹtàdínlógún. Ọmọbìnrin ni. Lánàá, "A dúpẹ́, sà" nìkan ló sọ. Lónìí mo gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kó lọ ti omi náà kó má ṣòfò. Ó ní, "Mo ṣí i kí wọ́n má baà gbọ́ ohùn mi ni, sà. Ibí ni mo ti máa ń sunkún."

Àrùn yìí ló pa ìyá bàbá rẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Màmá Àgbà ló tọ́ ọ dàgbà, yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn. Èèyàn márùn-ún péré ni wọ́n gbà láyè níbi ìsìnkú, òun kò sí nínú wọn. Láti ìgbà náà kò sùn, kò sì ṣí ìwé. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ iye tí aago lù: "Nígbà míì, ó máa ń ṣe mí bíi pé, bí mi ò bá jí mọ́, kò sóhun tó bàjẹ́."

Mo sọ ohun tí àgbà máa ń sọ. Pé kó mú ọkàn le. Pé ìdánwò ń bọ̀. Lẹ́yìn náà mo pe bàbá rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ọlọ́kọ̀ búrẹ́dì ni, mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹta. Mo ní kó mójú tó ọmọ rẹ̀, pé kò kàwé, pé ẹnu rẹ̀ ń sọ ohun tí kò yẹ. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ṣe iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Òjò. Mẹ́rìndínlógójì gbé e. Kẹtàdínlógún kò gbé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Mẹ́fà péré. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ọjọ́ Rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mẹ́ta. Mo bi Nọ́mbà Kẹrin bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

"Kí n sọ òótọ́, sà? Ẹ ò ní bínú?"

"Sọ ọ́."

"Wọ́n kọ ọ́ sórí gúrúùpù wa ni. Wọ́n ní, 'Ẹ má gbé ìpè Má-Mí o, agbọ̀n tó jò lẹnu ẹ̀.' Èmi gbé e torí mo fẹ́ràn wàhálà."

Ó wá sọ ìyókù bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ará ilé kejì wọn, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́jọ́ tí mo pe ọlọ́kọ̀ búrẹ́dì, ó fi bẹ́líìtì na ọmọbìnrin náà. Ó ní kó kúnlẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó gba fóònù rẹ̀. Ó yọ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ kúrò kó má baà lè sá pamọ́ síbẹ̀.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ń gé igi nígbó, àgbà ló ń mọ ibi tí yóò wó sí. Èmi àgbà ni mo gé ti èyí, àwọn ọmọdé ló mọ ibi tó wó sí.

Mo pe Ọ̀gá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Kò pariwo. Ó ní, "Sà, ohun tí ọmọ yẹn sọ fún yín, irú ẹ̀ gan-an ni mo ní kí ẹ torí ẹ̀ pè mí. Ọjọ́ mẹ́fà ti lọ." Ó ní òun máa wá dókítà tó ń tọ́jú ìdààmú ọkàn. Ó ní tí mo bá fẹ́ dá ìwé ìpè padà, òun kò ní bínú.

Mo ní mi ò ní dá a padà.

Ọjọ́ Bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo pe ọlọ́kọ̀ búrẹ́dì láàárọ̀. Mo ní kí ló dé tó fi na ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó yà á lẹ́nu, kò bínú rárá. Ó ní, "Sà, bí ẹ ṣe kọ́ wa náà ni mo ṣe kọ́ ọ. Ṣé ó ti yí padà ni?"

Mo pa ìpè náà.

Mo lọ gbé Ìwé Dúdú sílẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e wálé lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìntì, bí ẹni gbé ife-ẹ̀yẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ àti ìyà, ọdún lé ọdún, pẹ̀lú báírò pupa. Mo wá orúkọ ọlọ́kọ̀ búrẹ́dì kàn ní ojú ewé kẹtàlélọ́gọ́rin. Ìgbà mọ́kànlá ni, nínú sáà kan ṣoṣo: *Ó sùn ní kíláàsì. Ẹgba mẹ́fà. Ó sùn ní kíláàsì. Ẹgba mẹ́fà.* Ọwọ́ ìkọ̀wé mi rẹwà. Mo wá ibi tí mo ti kọ ìdí tó fi ń sùn. Kò sí. Mo ṣí gbogbo ojú ewé náà, igba ó lé mẹ́fà. Kò sí ìdí kan nínú wọn. N kò béèrè rí.

Ìyàwó mi bá mi níbẹ̀. Ó wo ìwé, ó wò mí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní, "Ẹ wá jẹun, Tíṣà. Ebi kì í tún nǹkan ṣe."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo gba ohùn mi sílẹ̀ sínú fóònù, mo sì ní kí Nọ́mbà Kẹrin fi í sórí gúrúùpù wọn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo tún un gbà. Nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, mò ń ṣàlàyé. Ìyàwó mi ní, "Ẹ ń gba ara yín sílẹ̀ ni, ẹ ò tíì tọrọ àforíjì." Èyí tí mo fi ránṣẹ́ kò ju èyí lọ:

"Èmi Má-Mí ni. Ẹnì kan nínú yín fọkàn tán mi, mo tú àṣírí rẹ̀, wọ́n sì nà án nítorí mi. Mo ṣẹ̀ ẹ́, mo ṣẹ gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. N ó máa pè yín lójoojúmọ́ bí mo ṣe ń ṣe. Ẹni tí kò bá gbé e, kò ṣẹ̀ mí."

Nọ́mbà Kẹrin fèsì ní ìṣẹ́jú méjì: "Sà, bàbá mi gbọ́ ọ. Wọ́n ti jókòó."

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́

Ìyàwó mi kò fẹ́ kí n jáde. Ó ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni àrùn yìí ń wá kiri. Mo wọ ìbòmú méjì lérí ara wọn (owó rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta ti oṣù tó kọjá), mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé búrẹ́dì. Aago méje àárọ̀ ni. Wọ́n ń to páálí sínú ọkọ̀. Òórùn búrẹ́dì gbòde kan, ó dà pọ̀ mọ́ ti ọtí apakòkòrò tí wọ́n ń fi nu ọwọ́.

Ọlọ́kọ̀ rí mi, ó sọ páálí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ nínú ìyẹ̀fun. Mo ní kó dìde. Mo dúró sí apá kejì ọkọ̀, mo ní, "Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Ìgbà mọ́kànlá ni mo nà ọ́ nítorí pé o sùn. N kò bi ọ́ léèrè ìdí rẹ̀. Mo wá béèrè."

Ó bojú wo àwọn tó ń to ọjà. Ó ní, "Sà, ẹ fi sílẹ̀. Ó ti pẹ́."

"Mo mọ̀. Síbẹ̀, mo ń béèrè."

Ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ibí yìí ni mo máa ń wà lóru nígbà náà. Ìyá mi ni kò yá. Ọdún yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ. Mò ń gbé búrẹ́dì láti ìdájí dìgbà tí aago ilé-ìwé yóò fi lù. Abẹ́rẹ́ yẹn ló mú wọn dúró di ọjọ́ òní." Ó tún un sọ: "Di oṣù tó kọjá."

Màmá Àgbà ọmọ náà ni. N kò ronú kàn án pé ẹni kan náà ni.

Ó nu ojú rẹ̀, ìyẹ̀fun sì lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní òun náà kò tíì sunkún. Ó ní bí òun bá ti gbọ́ omi ẹ̀rọ yẹn, inú máa ń bí òun, òun kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ sọ fún mi, gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Ọ̀gá ló gbà mí láyè lánàá, ó ní àkókò ti tó kí bàbá mọ bí ewu náà ṣe tó, kó sì mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀. Mo ní dókítà máa pè é lọ́la, kó má ṣe fi ọmọ náà sílẹ̀ lóun nìkan, kó má sì fọwọ́ kàn án mọ́ láé. Ó di orí mú. "Mo rò pé ọ̀lẹ ni, sà. Mo ṣe bí ọ̀lẹ ni."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni mo wí.

Ó ní òun ń lọ dá ilẹ̀kùn yẹn àti fóònù ọmọ náà padà.

Ọjọ́ Rú, ọjọ́ kejìlélógún

Kẹtàdínlógún gbé ìpè.

Kò sọ nǹkan kan. Mo ní, "Èmi ni. Má fèsì bí o kò bá fẹ́." Kò pa ìpè náà.

N kò mọ ohun tí ènìyàn ń sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé yìí, kí n jókòó níwájú àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń kàwé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe é. Mo ní, "Aago mẹ́rin ti lù. Mò ń ka ìwé ìròyìn nílé mi. Bí o bá fẹ́, ṣí ìwé kan sílẹ̀ níwájú rẹ. Kò pọn dandan kí o kà á." Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo ń ka ìwé ìròyìn àná.

Lẹ́yìn bíi ogún ìṣẹ́jú, mo gbọ́ ọ. Ojú ewé kan ṣí.

Ní aago márùn-ún, mo ní, "Ó tó. Ọ̀la, aago mẹ́rin."

Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ohùn rẹ̀ ti gbẹ. Omi kankan kò ṣàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Dókítà ti bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí wọ́n sọ kò kàn mí, n kò sì béèrè. Mo ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Nọ́mbà Kẹrin gbọ́ nípa aago mẹ́rin. Ó ní àfi kí òun náà wá. Mo ní kíláàsì ìdákẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Èmi? Mo mọ̀ ọ́n ṣe, sà, wọn ò tíì fún mi láyè ni." Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so ìpè púpọ̀ pọ̀. Àwa mẹ́ta.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún

Àwa mẹ́tàlá. Ooru mú gan-an. Kádì ìpè tún wọ́n sí i, Ọ̀gá ti lọ bẹ ilé-iṣẹ́ fóònù kan, wọn kò tíì dáhùn.

Ìdákẹ́jẹ́ wọn kì í ṣe irú tèmi àtijọ́. Mo ń gbọ́ ìkòkò tó ń hó nílé ẹnì kan, ọmọ ọwọ́ nílé ẹlòmíràn, ìyá kan tó ń pariwo pé ta ló jẹ ṣúgà. Nọ́mbà Kọkànlá máa ń kọrin sínú imú bó bá ń ṣe ìṣirò. Láyé àtijọ́ ǹ bá ti nà án. Báyìí, bí n kò bá gbọ́ ọ, ọkàn mi kì í balẹ̀. Mo gbọ́ èémí gbogbo wọn. Ìyàwó mi gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Má-Mí, wọ́n mà ń mí o."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn aago márùn-ún wọn kì í fẹ́ lọ mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ẹnì kan ní ẹ̀rù ń ba òun kí ìyá òun tó jẹ́ nọ́ọ̀sì má lọ gbé àrùn wálé. Òmíràn ní ẹ̀rù ń ba òun náà. N kò fún wọn ní ìmọ̀ràn. Wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, wọ́n sì ń ṣe é jù mí lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Aago mẹ́rin lù, Kẹtàdínlógún kò sí. Kò pa ọjọ́ kan jẹ rí láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Mo ka gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo pe fóònù rẹ̀, kò gbé e. Mo tún pè é. Ọ̀rọ̀ tó sọ, pé bí òun kò bá jí mọ́, ló ń lọ tó ń bọ̀ lórí mi. Ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó bá mi tẹ nọ́mbà Ọ̀gá. Ọ̀gá ní kí n pe bàbá rẹ̀, òun ń pe dókítà.

Ọlọ́kọ̀ búrẹ́dì gbé e. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Mo ní, "Ọmọ ńkọ́? Ọmọ dà?"

Ó ní, "Sà, ó sùn ni."

"O ti wò ó? O rí i tó ń mí?"

"Mo jókòó tì í, sà. Orí tábìlì ló sùn sí, orí rẹ̀ wà lórí ìwé. Oorun gidi ni, ó tiẹ̀ ń hanrun. Irú ẹ̀ kò wáyé látìgbà tí Màmá ti lọ." Ó tún ní, "Aago mẹ́rin ti kọjá, sà. Ṣé kí n jí i?"

Mo ní, "Má jí i. Mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kó sùn."

Mo padà sórí ìpè. Gbogbo wọn ń dúró, kò sí ẹni tó ń ṣí ìwé. N kò sọ ọ̀rọ̀ ẹnìkan fún wọn. Mo kàn ní, "Gbogbo wa pé. Ẹ máa kàwé lọ."

Nínú ìwé ìpè, ní iwájú nọ́mbà rẹ̀, mo kọ ọ́: *Ó sùn.* Báírò búlúù ni mo lò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní gbogbo méjìdínlógójì ló wọlé, àga kan sí ìhín, àga kan sí ọ̀hún. Kẹtàdínlógún ṣì ń rí dókítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ó wọlé.

Ọlọ́kọ̀ búrẹ́dì yà ní géètì mi lẹ́yìn tó gbé ọmọ rẹ̀ dé ilé-ìwé. Ó gbé búrẹ́dì kan sórí àpótí. Ó ní, "Sà, ìwé yẹn, ṣé ẹ ṣì ní i?" Mo gbé Ìwé Dúdú jáde, mo ṣí ojú ewé kẹtàlélọ́gọ́rin, mo sún sẹ́yìn. Ó kà á títí. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹgba mẹ́fà, ẹgba mẹ́fà! Sà, ọwọ́ kì í ro yín ni?"

Ó tọrọ báírò. Ó fi ìwé lé orí àpótí, ó tẹríba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà mọ́kànlá, bí ìgbà tí mo máa ń fi irú rẹ̀ jẹ wọ́n níyà: *Ìyá mi ń ṣàìsàn. Mo ń gbé búrẹ́dì.* Kò fo ọ̀kankan. Nígbà tó parí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ṣí ojú ewé kìíní Ìwé Dúdú. Orúkọ àkọ́kọ́: *Ó pẹ́ dé. Ẹgba mẹ́rin.* Ọ̀gá ló bá mi wá nọ́mbà rẹ̀. Ọkùnrin náà yóò ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí.

Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó gbé e. Mo sọ orúkọ mi. Mo gbọ́ tí àga wọ́ nílẹ̀.

"Jókòó," ni mo wí. "Jọ̀ọ́, jókòó. Ìbéèrè kan ni mo ní."